Bọ́ọ̀sì Tó Di Ilé: Láti Kémta Dé Àgbádárìgì

Bọ́ọ̀sì Hiace kan wà ní Kémta, l'Ábẹ́òkúta, tí àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó ni ín ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Òṣòdì ló fi agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó yọ àwọn àga ẹ̀yìn dànù, ó ní kí káfíńtà kan ibùsùn pákó síbẹ̀, ó gbé gáàsì olójú kan, kúlà àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì wọlé. Lẹ́yìn náà ló fi àdìrẹ tó nípọn ta igun kan lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì gbé ike ìgbọ̀nsẹ̀ onídèérí síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń bi í bóyá ìyàwó ti lé e jáde nílé ni.

Ìyàwó náà gan-an ló ṣe é fún. Ọmọ Àgbádárìgì ni ìyá yìí, Ẹ̀gùn pọ́ńbélé. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra ọjọ́ pẹ́, ẹni tí àìsàn yìí bá sì ń ṣe, ìtọ̀ kì í fún un ní àyè. Nígbà ìkẹyìn tó wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé, ó bẹ awakọ̀ kó dúró díẹ̀, awakọ̀ ní òun kò lè dúró láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan. Ó kàn ṣíwọ́ lílọ sílé ni. Ọdún mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ló ti gbọ́ bí wọ́n ṣe sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Lókè òkun, nǹkan fàájì ni ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì l'Ámẹ́ríkà ń wà á láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ibi tí wọn yóò ti rí omi àti iná mànàmáná wà, ilé ìtọ̀ sì wà fún arìnrìn-àjò létí ọ̀nà. Nílé níbí, ọ̀pọ̀ ló rántí Pelumi Nubi, ọmọbìnrin tó dá wa mọ́tò Peugeot kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù, tó sì wọ Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé, ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà. Ṣùgbọ́n kí àgbà obìnrin kúrò ní Kémta kó dé Àgbádárìgì láìtàbùkù, ìyẹn náà kì í ṣe ìrìn kékeré.

Ilẹ̀ mọ́ kedere kí tọkọtaya náà tó gbéra, torí ojú bàbá kò ríran dáadáa lálẹ́ mọ́. Wọ́n kọjá Ìtòrì, wọ́n kọjá Pápáláǹtò, wọ́n yà ní Sàǹgó Ọ̀tà, wọ́n gba Àtàn já sí Àgbárá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ńláńlá ti gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni gbẹ́ kànga. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ìyá wọ ẹ̀yìn àdìrẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n sì padà láti Sàró, ti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó wá ilé wọn lọ. Ibẹ̀ ni Henry Townsend gbà tọ Ṣódẹkẹ́ lọ l'Ábẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843. Àjàyí Crowther dúró ju ọdún kan lọ ní Àgbádárìgì kí ọ̀nà tó là, ó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, nínú oṣù náà ló sì fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òjò àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ó yẹ kí ọ̀nà ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí.

Láyé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì di olópòó mẹ́wàá. Ẹni tó bá rìn ín lónìí yóò rí ibi tí iṣẹ́ náà dé àti ibi tí kò dé. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni àwọn agbófinró tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Bàbá, kí lẹ gbé sẹ́yìn aṣọ yẹn?"

"Ilé ìtọ̀ ìyá yín ni. Ẹ wọlé ẹ wò ó."

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e kò rẹ́rìn-ín. Owó ló ń béèrè.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀sà. Òkun gan-an wà ní òdìkejì, lẹ́yìn erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú gba orí iyanrìn lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbéni débẹ̀, bọ́ọ̀sì tó di ilé kò sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá ní òun kò wá òkun wá. Ẹja lòun wá jẹ.

Ní Kémta, ẹja inú yìnyín ló pọ̀ lọ́jà: títù àti kòtè tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Níbí, ó fi ìka tẹ ara ẹja, ó wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń dán, ó kọ méjì sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja dá owó lé e bí ẹni rí àlejò. Bí ìyá ti la ẹnu tó sọ Ẹ̀gùn, owó wálẹ̀. Wọ́n ra àpò kan tó tóbi, wọ́n ra akàn àti edé tútù. Orí gáàsì olójú kan, pẹ̀lú ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà péré, ni gbogbo rẹ̀ ti jinná. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá pàdé wọn jókòó sórí ibùsùn pákó, wọ́n ń fi eyín fọ́ ẹsẹ̀ akàn. Bàbá, ọmọ Ẹ̀gbá tí kì í rìn láìmú láfún dání, ro tirẹ̀ síbẹ̀. Òkèlè mẹ́rin ni ìyá gbà nínú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹja ló fi dí ìyókù, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kan egungun.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n wakọ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dá wọlé lọ síbi sàréè. Kò pẹ́, kò yá. Àwọn ọmọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé, nínú òkùnkùn, ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, bàbá sì ń wo oòrùn.

Ní Àtàn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni ìyá kan ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn. Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa iná ọkọ̀. Idà kan ọ̀nà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn, kọ̀ndọ́kítọ̀ kan ń bú u. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń júwe ọ̀nà fún wọn kí wọ́n máa kọjá, títí tí ọwọ́ fi kan ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀yìn àdìrẹ.