Ta ni wọ́n ń pè ní àgàn?

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

1. Ọdún mẹ́jọ ni àǹtí mi fi mu àgbo. Gbogbo àyẹ̀wò tí dókítà kọ fún wọn ni wọ́n ṣe. Ọkọ wọn ò ṣe ẹyọ kan. Ìyá ọkọ ní, "Ọmọ mi le bí òkúta, kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀?"

2. Yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa piRNA. Lọ́jọ́ yẹn, àǹtí mi ló wá sí mi lọ́kàn.

3. Ẹ wò ó. Inú kórópọ̀n ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì àtọ̀, ó sì ń gbà ju oṣù méjì lọ. Ṣùgbọ́n olè wà nínú DNA wa: àwọn apá kan tó ń ṣe ẹ̀dà ara wọn, tí wọ́n á lọ já wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n á ba iṣẹ́ jẹ́.

4. piRNA ni ọlọ́dẹ àdúgbò. Gígùn rẹ̀ ò ju lẹ́tà 26 sí 31 lọ. Òun ló dá olè mọ̀. Púrótíìnì tí wọ́n ń pè ní PIWI ló di àdá mú. Tí piRNA bá ti nàka, PIWI á gé RNA olè náà.

5. Ọdún 2006 ni wọ́n kéde piRNA nínú kórópọ̀n eku. Eku ní PIWI mẹ́ta: MIWI, MILI, MIWI2. Ẹ yọ ọ̀kan péré, akọ ò ní lè bímọ mọ́. Abo ńkọ́? Ó ń bímọ tiẹ̀ lọ.

6. Èèyàn náà ńkọ́? Lọ́dún 2021, ìwádìí kan jáde nípa ọkùnrin 4 tí jíìnì PNLDC1 wọn ní àbùkù. Jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí ara gé piRNA sí gígùn tó yẹ. Kò sí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kankan nínú omi tó ń jáde lára wọn.

7. Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin lè le bí òkúta, kí omi máa jáde, kó má sì sí ọmọ nínú rẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i.

8. Lọ́dún kẹsàn-án, ọkọ àǹtí mi gbà láti ṣe àyẹ̀wò. Òfo. Ohun tó lè fà á pọ̀, mi ò ní kí ẹ di gbogbo rẹ̀ ru piRNA. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ àǹtí mi. Ìyá ọkọ kàn dákẹ́ ni.

9. Ike kékeré kan ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Tọkọtaya, ẹ jọ lọ, kí ẹ tó ra ìgò àgbo àkọ́kọ́.