Ìgò Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ìfẹ́ náà lákọ, ó lábo lójú tèmi: ọ̀kan wà tí í gba ọmọ là, ọ̀kan sì wà tí í pa á.

Ní òru ọjọ́ kan ní ilé wa ní Ìkòtún, igbe ìyàwó mi ni mo gbọ́ tí mo fi ta jí. Ara Bọ́lá, ọmọ wa ọlọ́dún méjì, ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Kí n tó tan iná, ojú ọmọ ti yí sókè, eyín rẹ̀ ti wa pọ̀, tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Gìrì dé!

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá, ẹ mọ bí ó ti máa ń rí. Gbogbo ayálégbé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ní kí á fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Kí n má purọ́, èmi fúnra mi ti mú ṣíbí lọ́wọ́. Ìyá mi kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lọ sídìí àpótí rẹ̀, ó mú ìgò àgbo gìrì jáde. Òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù.

Òórùn yẹn ló dá mi dúró. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí àbúrò mi mu ún, láti ọwọ́ ìyá mi yìí kan náà. Gìrì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò jí mọ́. Wọ́n ní àbíkú ni.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ló la àárín èrò wọlé. "Bàbá Bọ́lá, ẹ ju ṣíbí yẹn sílẹ̀! Ẹ gba ìgò lọ́wọ́ Màmá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí ẹ wo aago."

Mo gba ìgò náà. N kò fi tipá gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Nọ́ọ̀sì ní kí á má ki ohunkóhun bọ ọmọ lẹ́nu, ìbáà ṣe ìka tàbí omi, nítorí ẹni tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Kí á tú aṣọ rẹ̀, kí á má sì dè é mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí ó tún bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó jí, ewu ńlá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tiwa. Ó dà bí ọdún mẹ́ta.

Aládùúgbò kan fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndò. Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ń ké gbòò níbẹ̀. Bọ́lá dákẹ́ rọ̀ọ̀ ní èjìká ìyá rẹ̀. Bọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó ń pariwo ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí á bẹ̀rù.

Wọ́n gún un níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú, bóyá ó le, nítorí àrùn awọ ọpọlọ. Wọ́n yẹ ibà wò. Dókítà bi wá pé, "Ṣé ẹ ti fún un ní àgbo?" Mo ní rárá. Ó ní ó káre. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀ jù, òun náà a máa fa gìrì, a sì máa ba ọpọlọ jẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti wádìí àgbo ìtọ̀ màlúù, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ó sì ń dín èémí kù. Ọmọ a dákẹ́, ará ilé a ní gìrì ti lọ.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo sì sunkún àbúrò mi lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Ibà ni wọ́n rí, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bọ́lá ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí a délé, ìyá mi bi mí pé, "Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

"Ibà ni, Màmá."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Kò béèrè ìgò rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí òru bá lé yín bá, tí kò sí ọkọ̀, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè ní Èkó. Ẹ má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ẹ má ro àgbo sí i lọ́fun. N kò lè sọ ohun tí mo gbọ́ fún ìyá mi. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún.