Ìbéèrè Tí Bíṣọ́ọ̀bù Bi Àwa Onígbọ̀wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi níyì. Nítorí náà ni ó ṣe pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kìíní nínú Lẹ́ńtì ọdún 2017, mo dúró nínú kàtídírà wa pẹ̀lú ọkùnrin káfíńtà kan, mo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé e ní èjìká. Àwa onígbọ̀wọ́ pọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ìjọ Àgùdà, Bíṣọ́ọ̀bù kọ ojú sí àwa, kì í ṣe sí àwọn tí ó fẹ́ gba ìsàmì, ó sì bi wá léèrè nípa wọn. Kò béèrè bí wọ́n ti mọ kátíkísímù sí. Ohun tí ó ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe ìwà hù, àti bóyá wọ́n ń bá àwọn ará kẹ́gbẹ́, tí wọ́n sì jọ ń gbàdúrà. Gbogbo wa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà dáhùn, ohùn mi tilẹ̀ ròkè ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ.

Kí ni mo mọ̀ nípa ọkùnrin yìí? Mo mọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni Katikíìsì wá bá mi pé kò ní onígbọ̀wọ́, pé kí n jọ̀wọ́ bá òun dúró fún un. N kò mọ ilé rẹ̀. N kò mọ iye ọmọ tí ó bí. N kò bá a jẹun rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá a ka rósárì rí, àfi nínú ilé ìjọsìn níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kà á. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹni tí ó yá owó bá sá lọ, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni a ó dì mú. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà kì í fi ṣe onígbọ̀wọ́ ẹni tí kò mọ̀ dáradára. Èmi tí n kò jẹ́ ṣe é nítorí owó, mo ṣe é níwájú pẹpẹ.

Ní òru Àìsùn Ọdún Àjíǹde, a da omi lé e lórí, a fi òróró mímọ́ sí i níwájú orí, ó sì gba Ara Olúwa. Mo fún un ní rósárì funfun kan. Mo padà sílé, mo sùn dáradára, mo sì gbà pé iṣẹ́ mi ti parí.

Nígbà tí ó di oṣù Ọ̀wàrà, a fún mi ní àwọn ìwé ìkórè láti pín, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀kan. Nígbà náà ni mo tó rántí pé ó pẹ́ tí mo ti rí i mọ. Mo ní láti béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà ní ẹ̀bá títì. Mo bá a níbi tí ó ti ń fi ayùn rẹ́ pákó. Kò bínú sí mi. Ó gbé àga fún mi, ó sì rán ọmọ rẹ̀ láti bu omi wá.

“Bàbá,” ni ó wí, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ní ibi tí mo ń lọ. Bí n kò bá dé, Katikíìsì yóò ránṣẹ́ wá. Láti ìgbà tí mo ti gba ìsàmì, kò sí ẹni tí ó béèrè mi mọ́. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní oṣù Òkúdù. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ kí n tó wá sọ́dọ̀ yín ni wọ́n wá kí wa. Ìwé tí ń bẹ lọ́wọ́ yín yìí ni ìwé kìíní tí ìjọ kọ sí mi.”

Ìwé owó ìkórè ni. N kò lè nà án sí i, n kò sì lè fi í pamọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ohun tí a ń pè ní onígbọ̀wọ́. Fadá yá mi ní ìwé. Mo rí i pé ìbéèrè Bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ohun tuntun rárá. Nínú ìwé àtijọ́ kan tí a ń pè ní Àṣà Àwọn Àpọ́sítélì, ọdún mẹ́ta ni a yàn fún ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n a sọ níbẹ̀ pé ìwà rẹ̀ ni kí a wò, kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan. Bí ìsàmì bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn yóò béèrè bóyá ó ti bu ọlá fún àwọn opó, bóyá ó ti bẹ àwọn aláìsàn wò. Ẹni tí ó mú un wá ni yóò sì jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni àṣà yìí rọ̀ jọjọ. Àpérò Gbogbogbò Kejì ti Fatikáànì ni ó pàṣẹ ní ọdún 1963 pé kí a dá a padà, ìwé ìlànà rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1972. Àpérò kan náà sọ ní ọdún 1965 pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àlàyé lásán, bí kò ṣe bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ṣẹ́, àti pé ẹrù gbogbo ìjọ ni, kì í ṣe ti Fadá àti Katikíìsì nìkan. Káfíńtà mi ìbá ti sọ èyí fún mi láìka ìwé. Ta ni ó ti inú ìwé kọ́ bí a ti ń fá pákó? Ilé ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ń gbé.

Ó sì yẹ kí àwa tí a ń jẹ́ Àgùdà ní ilẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Kí àlùfáà tó wá máa gbé Èkó ní ọdún 1868, àwọn ẹrú tí a ti dá sílẹ̀, tí wọ́n ti Brasil padà wálé, ni wọ́n ti ń pa ìgbàgbọ́ mọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Wọn kò ní Fadá láàárín wọn. Ara wọn ni wọ́n ní.

Ní oṣù Bélú, Katikíìsì tún mú ẹlòmíràn wá fún mi: bàbá arúgbó kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò. Mo fẹ́ kọ̀. Ìyàwó mi ni ó ní kí n gbà á, ṣùgbọ́n kí n gbà á bí ẹni gba àlejò sínú ilé.

Bàbá yìí kò mọ̀wé. Àwọn ìdáhùn kátíkísímù a máa dàrú mọ́ ọn lórí, títí àwọn ọ̀dọ́ inú kíláàsì yóò fi máa rẹ́rìn-ín. A kò fi kíláàsì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà yòókù ni a fi kọ́ ọ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti kan ilẹ̀kùn wa kí a jọ lọ sí Míísà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ni ó kọ́ ọ bí a ti ń ya àmì àgbélébùú. Níbi rósárì àdúgbò, ó ti ń bá wa kí Màríà kí ó tó mọ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé, ó ń bá àwọn obìnrin gbá ilé ìjọsìn. Nígbà tí mo sì ní kí ó jókòó, ó ní ọdún méjì gbáko ni òun fi gba lọ́rì kí ọ̀gá òun tó jẹ́ kí òun jókòó sí ìdí rẹ̀. Ó bá àwọn Ẹgbẹ́ Fínsẹ́ǹtì Mímọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì jókòó ti ẹnì kan tí kò ní alábẹ̀wò títí ilẹ̀ fi ṣú, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láàárín Míísà ni yóò bi mí pẹ̀lú ohùn onílọ́rì pé, “Kí ni wọ́n ṣe kúnlẹ̀ báyìí?” Gbogbo ìjọ yóò yíjú. Èmi tí a sàmì fún ní ọmọ ọwọ́, ìgbà púpọ̀ ni n kò ní ìdáhùn, tí mo ní láti lọ bi Fadá.

Nígbà tí Lẹ́ńtì ọdún 2018 dé, tí Bíṣọ́ọ̀bù tún bi wá léèrè, ohùn mi kò ròkè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń dáhùn sí.

Bàbá onílọ́rì kò rí ọdún Àjíǹde. Ní Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún a ka ìtàn Lásárù, a sì gbàdúrà lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kú lójú oorun. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn kì í ṣe ìjọ wa, rò pé níwọ̀n ìgbà tí a kò tí ì sàmì fún un, a ó yọ ọwọ́ kúrò. Èmi náà bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Fadá ni ó fi òfin Ìjọ ti ọdún 1983 hàn wá, pé ní ti ìsìnkú, a ó ka ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsàmì mọ́ àwọn onígbàgbọ́. Ó ní, “Ará wa ni. Ẹ lọ wá pósí.”

Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń lọ kí káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Òun ni mo lọ bá.

“Ẹni tí kò tí ì gba ìsàmì ni ìjọ fẹ́ sin?” ni ó béèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè bí bàbá náà ti ga tó. Owó pákó nìkan ni ó gbà. Ní ọjọ́ ìsìnkú ó bá wa gbé pósí wọlé, ó sì dúró lẹ́yìn títí Míísà fi parí. Ó bá wa dé ibojì. Ó sì bá wa jẹ àmàlà tí àwọn obìnrin ìjọ rò ní ilé olóògbé. Bí a ti ń fọ ọwọ́, ó bi mí pé àwọn tí yóò gba ìsàmì ní ọdún yìí ńkọ́, ta ni yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún?

Mo sọ ìbéèrè náà fún Fadá gẹ́gẹ́ bí ó ti bi í. Nítorí rẹ̀ ni a kò ṣe pa ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tì mọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Kì í ṣe kíláàsì. Oúnjẹ díẹ̀ ni, àdúrà díẹ̀, àti bíbéèrè àlàáfíà ilé oníkálukú. Káfíńtà ń wá, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ìyàwó rẹ̀ kò tí ì wá, n kò sì tíì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí rẹ̀. Ní Sátidé tí ó kọjá, ó mú òòlù rẹ̀ wá, ó tún ẹsẹ̀ àga gígùn kẹta ṣe, ní apá ibi tí bàbá onílọ́rì máa ń jókòó sí.