Ìwọ̀ Bàbá Kékeré

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwọ̀ ẹja ní ìlú Tokyo, kí ó kọ́kọ́ mọ àmì kan: 釣. Tsuri ni à ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni fífi ìwọ̀ mú ẹja. Irin ni apá òsì rẹ̀, ìgbakọ ni apá ọ̀tún. Inú yàrá ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú pópó ni mo ti mọ ìwúlò rẹ̀, nítorí pé pátákó pọ̀ ní ìlú náà ju ewé lọ. (Àmì yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ otsuri, èyíinì ni ṣéńjì tí ọlọ́jà ń fún ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ bá mi rò ó.)

Kì í ṣe eré ni mo ń bá kiri o. Ẹ̀pẹ́ ni àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń pẹja. Okùn gígùn tí a so ìwọ̀ mọ́ lọ rẹrẹ ni wọ́n fi rán mi ní ilé-ìwé. Láìpẹ́ yìí, ìwọ̀ ọjà kò gbọ́ tiwọn mọ́: bí àrọ̀ ńlá bá fà á, a nà gbọọrọ bí abẹ́rẹ́, ẹja a sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ń lọ fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà ní Japan, wọ́n wé ìwọ̀ àtijọ́ kan sínú bébà fún mi, wọ́n sì kó owó tí wọ́n fẹ́ fi tún ọkọ̀ wọn ṣe lé e. Wọ́n ní, "Irú èyí ni kí o bá mi wá. Bí o kò bá rí i, dá owó mi padà."

Òkìkí ni ó kọ́kọ́ gbé mi lọ sí ìhà Ueno. Níbẹ̀ ni ilé Tōsaku wà, tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Oparun ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a fi iná tọ́ ọ, wọ́n a gé e sí oríkèé tí ń wọ inú ara wọn, wọ́n a sì fi oje igi kùn ún títí yóò fi máa dán. Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó ti jẹun yó ni, kì í ṣe ti ẹni tí ń fi ẹja wá oúnjẹ. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní tanago, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ; èyí tí ó kéré jù lọ gan-an ni àwọn kan fi ń yangàn pé àwọn mú. Bí mo bá sọ èyí ní Ẹ̀pẹ́, wọn yóò ní irọ́ ni mo lọ kọ́.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi Jōshūya, tàbí Tackle Berry tí ń ta àlòkù, ni ó bá àpò irú wa mu. Ìwọ̀ nìkan lè gba odidi ògiri. Orúkọ ẹja ni wọ́n sì fi ń pe ìwọ̀: ti kisu ọ̀tọ̀, ti chinu ọ̀tọ̀, ti unagi ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà wọn pàápàá yí padà sí tiwa. Lára ìwọ̀ òyìnbó tí à ń rà nílé, 10 kéré ju 6 lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, 10 ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà n kò dárúkọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá arúgbó kan tí ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni wọ́n yanjú ọ̀ràn náà. "Ẹja wo ni?" ni wọ́n bi mí. Mo ní namazu, nítorí pé òun náà ní irùngbọ̀n bíi ti àrọ̀. Báwo ni ó ti gùn tó? Mo fi apá mi wọ̀n ọ́n, bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ìwọ̀ inú bébà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ti ìwọ̀ unagi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì mú àwọn tí ó nípọn wá, ti ẹja òkun. Wọ́n fi ẹ̀mú fa ọ̀kan lójú mi. Ó nà. Wọ́n fa òmíràn. Kò nà. Mo ra igba.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí Bàbá Kékeré ti so wọ́n mọ́ okùn. Mẹ́ta ti sọnù sínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tíì nà. Ọkọ̀ ṣì ń jò, àbúrò mi sì ń fi agolo gbọ́n omi inú rẹ̀ bí wọ́n bá jáde lówùúrọ̀.