Mo Ṣẹ Aládùúgbò Mi Nítorí Owó Iná

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí n fi yangàn, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn lè jìn sí kòtò tí èmi ti jìn sí. Ìwé owó iná ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹnu èmi gan-an ni ó sì sọ ọ́ di ìjà.

Ní ọdún 2016, ìdílé mẹ́ta ni àwa ń gbé inú ilé kan náà ní Ìbàdàn. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, mítà àtijọ́ tí wọ́n máa ń wá kà lóṣooṣù kí wọ́n tó mú ìwé owó wá. Nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé, èmi ni mo máa ń gba owó iná jọ, èmi náà ni mo sì máa ń lọ san án. Owó náà kì í ju náírà 7,800 tàbí 7,900 lọ, nítorí pé nǹkan bí yúníìtì 300 ni a máa ń lò lóṣù kan. A ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, oníkálùkù a dá tirẹ̀, kò sì sí ẹjọ́.

Ní oṣù May ọdún náà, nígbà tí ààwẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé tuntun dé. Mo wò ó, mo rí náírà 31,460. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún un kà. Náírà 31,460 náà ni. Àyà mi já. Mo pariwo, gbogbo ilé sì jáde.

Nínú ilé náà ni Ìyá Kúdí wà. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ó ní fíríìjì kan tí ó fi ń ta omi tútù àti sobo lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, èmi ni mo nàka sí i. Mo ní, "Fíríìjì yẹn ni! Kò sí ohun mìíràn nínú ilé yìí tí ó lè jẹ iná tó báyìí. Ìwọ ń ta omi tútù, o ń jèrè, àwa ń bá ọ san owó iná."

Ìyá Kúdí dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, fíríìjì yìí ti wà níbí láti ọdún méjì. Òun náà ni a jọ ń lò nígbà tí owó wa ń jẹ́ 7,800." Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ, ṣùgbọ́n inú ti bí mi kọjá ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi. Mo sọ fún un pé ìdajì owó náà di ọwọ́ rẹ̀. Ìdílé kẹta sì gbè sí mi lẹ́yìn, nítorí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Kúdí yọ wáyà fíríìjì rẹ̀, kò ta omi tútù mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n máa ń wá bá mi jẹun kò wọlé mi mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ó kan ilẹ̀kùn mi ní alẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi náírà 12,000 lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba èyí ná. Mo ti ta léèsì tí mo fẹ́ fi ṣọdún. Èmi ó máa wá ìyókù." Mo gba owó náà. Mo tilẹ̀ kà á lójú rẹ̀. Nígbà tí ó dìde tí ó fẹ́ máa lọ, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti wo mítà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wò ó. Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń san owó iná, n kò wo ojú mítà rí.

N kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí a kírun Súbúhì tán, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé owó iná, mo lọ sí ìdí mítà. Orí ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé nọ́ńbà tí wọ́n kà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 41,860, èyí tí wọ́n kà kẹ́yìn sì jẹ́ 43,060. Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, yúníìtì 1,200 ni, òun ni wọ́n sì fi ṣírò owó fún wa. Mo tan iná sí ojú mítà. Nọ́ńbà tí mo rí níbẹ̀ ni 42,314.

Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ó sọ nǹkan nù. Nọ́ńbà tí wọ́n ní àwọn ti kà, mítà kò tíì dé ibẹ̀. Ó ṣì ku yúníìtì 746 kí ó tó dé e, bí a sì ṣe ń lo iná nígbà náà, a ó lò tó oṣù méjì sí i kí a tó rí nọ́ńbà náà lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá ka mítà wa. Ńṣe ni wọ́n jókòó sí ibì kan tí wọ́n fojú bù ú. Èmi náà sì fojú bu ẹ̀ṣẹ̀, mo gbé e ka orí opó. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, mo ti dá a.

Mo fi fóònù ọmọ mi ya àwòrán mítà náà, mo sì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná. Ọkùnrin kan pàdé mi lẹ́nu géètì, ó ní bí mo bá lè mú náírà 5,000 wá, òun yóò bá mi mú owó náà wálẹ̀, kò ní sí pé à ń kọ̀wé. Ẹlòmíràn ní àdúgbò wa ní kí a kúkú fa wáyà tí kò ní gba inú mítà kọjá, pé a ó gbẹ̀san lára wọn. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kó mi yọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Owó tí a san láìsí ìwé kì í pa gbèsè rẹ́, iná tí a sì fà gba ẹ̀yìn mítà, olè ni. Báwo ni n ó ṣe béèrè òṣùwọ̀n tí ó tọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí n má fi òṣùwọ̀n tí ó tọ́ wọn tèmi?

Lẹ́tà ni mo kọ. Mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì wa sí i, mo kọ nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé àti èyí tí ó wà lójú mítà. Mo fi àwòrán náà àti ẹ̀dà ìwé owó oṣù mẹ́ta tí ó ṣáájú sí i. Mo san náírà 7,865, iye tí ìwé oṣù tí ó kọjá jẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé a kọ̀ láti sanwó. Mo sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi kí n tó kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé náà kọ́kọ́ ní kí n lọ san gbogbo owó ná kí n tó wá ṣàròyé. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò dìde.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ènìyàn méjì wá. Wọ́n ka mítà níṣojú gbogbo ilé: 42,449. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á kẹ́yìn ní tòótọ́ jẹ́ ọjọ́ 48, a sì ti lo yúníìtì 589. Bí a bá pín in, ti ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 368. Wọ́n gbà pé àwọn kò ka mítà lóṣù náà, wọ́n sì sọ owó wa di náírà 9,648.

Gbogbo ilé hó yèè. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì béèrè pé, "Kí ni ẹ fi kún ohun tí ẹ ń lò? Yúníìtì 300 ni ẹ máa ń lò, 368 kọ́."

Ojú tì mí. Ní oṣù April, ọmọbìnrin mi ti ra sítóòfù oníná fún mi, wáàtì 2,000. Òun ni mo fi ń se omi àti oúnjẹ ní ìdájí, bíi wákàtí kan lójoojúmọ́. Wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni à ń pè ní yúníìtì kan. Yúníìtì méjì lójúmọ́, 60 lóṣù: nínú yàrá èmi tí mo ń pariwo ni wọ́n ti ń jáde. N kò purọ́. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n ka 60 sí mi lọ́rùn, kí a pín 308 tí ó kù sí mẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi àti èmi lọ bá Ìyá Kúdí nínú yàrá rẹ̀. Ìpín tirẹ̀ kò ju náírà 2,700 lọ. Mo dá 9,300 padà fún un, mo sì kúnlẹ̀. Ó gbá mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n léèsì náà kò padà wá. Ẹni tí ó rà á ti gé e rán. Aṣọ àtijọ́ ni Ìyá Kúdí wọ̀ lọ sí Yídì lọ́dún náà, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé ti ń lo mítà tí a ń ra káàdì sí, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní mítà ṣì wà tí à ń fojú bu owó fún. Ní ọdún 2020, Àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè fojú bù fún irú wọn. Ẹni tí kò ní mítà, tí ó sì ń tako ìwé tí wọ́n fojú bù, ní ẹ̀tọ́ láti san iye ìwé ìkẹyìn tí kò ní àríyànjiyàn, títí wọn ó fi yanjú ẹjọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni a ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí wọn kò bá dáhùn dáadáa, a ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí NERC yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn, tàbí sí àjọ ìpínlẹ̀ ní ibi tí ìpínlẹ̀ ti gba iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin ọdún 2023.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra káàdì, ẹ wo ọ̀wọ́ tí wọ́n fi yín sí, láti A dé E. Ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ọ̀wọ́ A gbọ́dọ̀ rí, mẹ́rin ni ti ọ̀wọ́ E, iye owó wọn kò sì dọ́gba. Bí yúníìtì bá ń tètè tán, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ wo mítà. Bí ó bá ṣì ń kà, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan máa gbé iná lọ sí ibi tí ẹ kò mọ̀; ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná.

Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó wo ojú aládùúgbò yín tìbínú-tìbínú, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojú mítà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi àti Ìyá Kúdí jọ máa ń lọ sí ìdí rẹ̀. Òun a ka nọ́ńbà, èmi a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe fi ohun tí kò tó nǹkan tú ilé wa ká. Ó dìgbà kan ná.