A Ń Lọ Sinmi ní Kpalimé, Wọ́n Ní Ta Ló Kú Níbẹ̀?

Tíṣà ni mí. Ọ̀rányàn ni wọ́n bí mi sí ní ìlú Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kan, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe olówó, n kò sì ní ẹ̀gbọ́n ní ìlú òyìnbó tí ń fi owó ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo fẹ́ rò fún yín ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé mi pé mo fẹ́ lọ sinmi fún ọjọ́ méje ní ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ilẹ̀ Togo.

Inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkè àti àfonífojì, mo ń fi ẹnu ṣàlàyé bí òtútù ti í mú lórí òkè gíga, àti bí kùrukùru ti í bo ilé mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, òkè wo ni ẹ̀yin gùn rí?" Mo ní Òkè Màpó. Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò tíì gun Òkè Màpó nínú wọn? Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lórí òkè náà ní ọdún 1929, láti ojúde wa ni a ti ń wò ó. Àwọn ọmọ tí ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo fẹ́ dárúkọ Òkè Àrẹ̀, níbi tí ilé gogoro tí a ń pè ní Láyípo wà láti ọdún 1936, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́. Ìtìjú kan ti tó fún ọjọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní èdè Faransé ni ó dárúkọ Kpalimé fún mi. Nígbà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n rán an lọ sí Lomé, sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Village du Bénin, kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Kpalimé, kò sì tíì dákẹ́ ìròyìn rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kí bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìlú náà dẹ́rù bà yín o. "Kp" tí ẹ rí yẹn kò ju "p" tiwa lọ. Bí ọmọ Ìbàdàn bá kọ ọ́ ní "Palime", tí ó sì kà á bí Yorùbá ti ń kàwé, ó ti pè é dáadáa.

Ìlú náà tó nǹkan bí 120 kìlómítà sí Lomé, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn Ewe ni wọ́n ni ibẹ̀. Ilẹ̀ kọfí àti kòkó ni. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ìjọba lé Togo lórí, láti ọdún 1884 sí 1914, wọ́n la ojú irin láti Lomé dé ibẹ̀ ní ọdún 1907 kí wọ́n lè máa kó irè oko lọ sí etí òkun. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn tán ni àwọn Faransé gba apá ibẹ̀, títí Togo fi gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, tí ó ṣáájú tiwa pẹ̀lú oṣù márùn-ún. Òkè Agou, tí ó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ náà, wà nítòsí ìlú yìí. Gíga rẹ̀ jẹ́ 986 mítà. Omi ń já láti orí àpáta ní Kpimé àti ní Womé. Ní Kloto, ọ̀rẹ́ mi ní labalábá ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọbìnrin mi gbọ́ ọ̀rọ̀ labalábá yìí, láti ọjọ́ náà ni a kò sì ti gbádùn mọ́.

Mo jókòó, mo ṣírò. Àjọ tí àwa tíṣà ń dá yóò kàn mí ní ìparí oṣù keje, ìgbà náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni a nílò. A kò nílò físà, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fún wa ní àyè àádọ́rùn-ún ọjọ́. A óò gba Badagry dé Sẹ̀mẹ̀, a óò kọjá ní Kùtọnu, a óò wọ Togo ní Hilla-Condji. Owó kan náà, sẹ́fà, ni wọ́n ń ná ní Benin àti ní Togo, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni a óò ṣẹ́ owó. Aago Togo sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Mo sọ fún ìyàwó mi pé wákàtí kan ni a ti jèrè yẹn kí a tó dé ibẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba, ohun tí ó gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi kò ju Lomé lọ. Ó bi mí pé èló ni wọ́n ń ta ànkárá níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn obìnrin Lomé tí wọ́n ta ànkárá títí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ Mercedes, tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Mo ní ìsinmi ni a ń lọ. Ó ní ẹnu kì í sinmi oúnjẹ. A jà á títí, a fi àdéhùn sí ọjọ́ kan péré ní Lomé nígbà tí a bá ń padà bọ̀.

Ó wá ku àwọn ará ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo kó ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Ìyá wa kan nínú agbo ilé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló kú níbẹ̀?" Mo ní kò sí ẹni tí ó kú. Ó ní, "Ṣé wọ́n gbé iṣẹ́ lọ sí ibẹ̀ fún ọ ni?" Mo ní rárá. "Àbí o fẹ́ sá lọ ni, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣe?" Mo búra fún un pé lẹ́yìn ọjọ́ méje ni a óò padà. Ó wò mí títí. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tí ó ná owó lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, láti lọ jókòó.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kò jókòó sí ti òkú tàbí ti iṣẹ́. Páànù ilé ni ó nà ìka sí. Òjò ń jò sí yàrá mẹ́ta. Owó àjọ kan tó láti pààrọ̀ ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó jàre. N kò rí èsì fún un. Ẹlòmíràn ní bí ó bá jẹ́ òkè ni mo ń wá, Ìdànrè kò ha wà nílẹ̀? Ó wà, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo gbéyàwó. N kò rántí Sátidé kan tí kò sí ìkómọ, ìgbéyàwó tàbí òkú. Èmi àti aya mi kò tíì sùn mọ́jú rí ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kan ilẹ̀kùn kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí mo bá wà ní Ìdànrè, wọ́n á pè mí padà ní ọjọ́ kejì, n ó sì wá. Èyí ni n kò lè sọ ní ojú wọn, ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin.

Bàbá mi kò sọ nǹkan kan ní gbogbo alẹ́ náà. Ó di ọjọ́ kẹta tí ìyàwó mi ra báàgì Ghana-Must-Go ńlá kan láti fi di ẹrù, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá dúró síwájú báàgì náà. Ó ní, "Èwo ni ti èyí?"

Ẹ gbọ́ o. Kùmásì ni bàbá mi àgbà ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá mi sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá mi. Ọjà tí bàbá rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kó jọ, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí kò sí àyè nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí wọ́n ti wọ Lomé, ó rí i pé ọkọ̀ wọn kúrò ní apá òsì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún títì, ó sì rò pé dírẹ́bà ti mutí. Kò mọ̀ pé ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Togo àti ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí. Òsì ni a ṣì ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọdún 1972, tí Ghana náà ń gbà títí di 1974. Ó ní òun fi ojú sùn ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n òun kò sùn, nítorí bàbá òun ń sunkún, kò sì yẹ kí òun rí i. Nígbà tí ìjọba tiwa náà wá lé àwọn ará Ghana ní 1983, tí àwọn ènìyàn ń fi báàgì náà ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

N kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti Ghana dé. N kò mọ̀ pé bàbá mi gbọ́ èdè Twi títí di òní. Ọ̀nà tí mo fi rúlà fà lórí máàpù, tí mo sì ń yọ̀ sí, ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e wá sílé ni. Mo mú báàgì náà kúrò. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bóyá kí a fi owó náà ra páànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ìlú tí o wí yẹn, ṣé ó súnmọ́ Ghana?" Mo ní ó súnmọ́ ọn, ẹnu ibodè kò jìnnà sí ibẹ̀. Ó ní, "Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè yẹn, ṣé yóò rí i?" Mo ní wọ́n ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, a máa ń rí adágún Volta láti orí Agou. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ wọ ibẹ̀ o, kí òun kàn wò ó ni. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè bóyá ọkọ̀ lè gùn ún, nítorí orúnkún òun. Mo ní títì wà.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ni a mú. Àyè mẹ́rin ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí ó bá wa wá ní ilé àlejò, dípò mẹ́ta. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Bàbá Kékeré pé kí wọ́n gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tí ń jò títí di oṣù kejìlá. Lánàá ni ó ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ayàwòrán ní kí ó ṣí fìlà, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣí i.