Títún Ohun Èlò Ilé Àtijọ́ Ṣe: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ń Mú Òbí àti Ọmọ Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè kọ́ ọmọ tí kì í bá wa sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ rẹ̀ ń ti ilé ìwé dé, tí yóò ní "Kò sí nǹkan kan," tí yóò sì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní "sóṣà wọ́kà" ni mo ń ṣe ní London. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé bí a bá mú ọmọ jókòó, tí a tẹjú mọ́ ọn, tí a ní kí ó sọ tinú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a máa wúwo. Ṣùgbọ́n bí òun àti àgbàlagbà bá jọ ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ a máa yọ fúnra rẹ̀. Nínú ilé tèmi, títún ohun èlò ilé àtijọ́ ṣe ni a fi ṣe iṣẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé ojú ń ti púpọ̀ nínú wa láti gbé ohun tí ẹlòmíràn ti lò wọlé. Nígbà tí aládùúgbò wa kan ń kó lọ, tí ó fún mi ní kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin, ọkọ mi bi mí pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ìdọ̀tí Òyìnbó ni a wá kó ní Ìlú Ọba ni?" Mo fi àmì kan hàn án lára rẹ̀: C méjì àti 41. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, igi wọ́n gan-an níhìn-ín. Láti ọdún 1942 ni ìjọba ti ń yan irú ohun èlò ilé tí àwọn káfíńtà lè ṣe, pàápàá fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó àti àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn. Ètò náà kò sì parí títí di 1952. Ohun tí a fi tún ilé tò lẹ́yìn ogun kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ni mo pè wá sí ẹ̀yìnkùlé. Kò kọ́kọ́ fẹ́. A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ nù ún, a jẹ́ kí ó gbẹ. A ha gúlù àtijọ́ kúrò ní oríkèé tí ó ti tú, a fi tuntun sí i, a sì fi okùn dì í di ọjọ́ kejì. A fi sáńdípépà 120 ha á, lẹ́yìn náà 240, a ń tẹ̀lé ìlà igi. Dúrọ́ọ̀ tí kò ṣeé fà, àbẹ́là ni a fi pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń yọ̀ geere. Ọ̀kan ti jẹrà nídìí. A sọ ọ́ di pẹpẹ ìwé.

Ní Sátidé kẹta, bí a ti ń ha igi, ọmọ náà ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fi orúkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí òun ti ń jẹ́ orúkọ Òyìnbó ní ilé ìwé. Àyà mi já, ṣùgbọ́n n kò dá ọwọ́ dúró. Mo bi í pé, "Èwo ni o fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́?"

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èyí tí ẹ sọ mí ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é dáadáa."

Èmi àti bàbá rẹ̀ lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ náà kò tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò dá nìkan rù ú mọ́.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, èyí tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Amẹ́ríkà fòfin de irú rẹ̀ nínú ilé ní 1978, Ìlú Ọba kò sì dẹ́kun títà á fún aráàlú títí di 1992. Nítorí náà, ẹ má ṣe ha ọ̀dà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dá yín lójú. Ní Ìlú Ọba, ẹ wá àmì òfin iná ti 1988 lára àga onítìmùtìmù. Àkísà tí a fi pa òróró linseed lè gbaná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ. Ẹ sá a síta kí ó gbẹ. Ẹ sì de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, kí ó má baà wó lu ọmọ kékeré.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ wá ohun kékeré kan, bí àpótí ìjókòó. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ fi Yorùbá dárúkọ òòlù, ìṣó àti ayùn fún un. Ẹ má ṣe kánjú béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Ilé wa kò ní dàrú o.